Ọjọ́ Olúwa ní Pátímọ́sì



Bí ẹ bá ṣí Ìwé Ìfihàn, ní orí kìn-ín-ní, ẹsẹ̀ kẹsàn-án, ẹ ó rí i pé Jòhánù Mímọ́ sọ ibi tí ó wà fún wa: erékùṣù Pátímọ́sì ni, nítorí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni ó sì ṣe dé ibẹ̀. Àwọn Bàbá Ìjọ ìgbàanì ní ọba Róòmù tí ń jẹ́ Domitian ni ó lé e lọ. Lábẹ́ ìjọba Gíríìsì ni erékùṣù náà wà lónìí. Kò tóbi rárá, kò sì sí pápá ọkọ̀ òfuurufú níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ní í gbé ènìyàn débẹ̀.

Mo dé ibẹ̀ nígbà kan, ní àkókò òtútù, nígbà tí àwọn àlejò ti lọ tán. Àpáta, ilé funfun, àti òkun ni mo rí. Lórí òkè ni ilé àwọn mọ́ńkì wà, èyí tí Christodoulos Mímọ́ dá sílẹ̀ ní ọdún 1088. Ògiri rẹ̀ ga bí ti odi ogun, nítorí àwọn olè ojú òkun. Ní agbede-méjì èbúté àti òkè náà ni ihò àpáta tí wọ́n ní Jòhánù ti rí ìran rẹ̀ wà. Wọ́n fi ibi tí ó ń gbé orí lé hàn mí, àti ibi tí àpáta ti là sí mẹ́ta.

Ẹ má bínú bí mo bá sọ òtítọ́. Mo jókòó nínú ihò náà láti gbàdúrà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí wo aago. Ìdákẹ́jẹ́ náà wúwo lórí mi. Èmi tí mo ń kọ́ yín ní àdúrà, n kò lè bá Ọlọ́run jókòó fún wákàtí kan láìsí orin, láìsí agogo, láìsí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti àwọn ará wa Ọ́tódọ́ọ̀sì ni ilé àwọn mọ́ńkì náà, èmi kò sì lè rú Ẹbọ Mísà níbẹ̀. Orí tábìlì, nínú yàrá tí mo wọ̀ sí, ni mo ti ṣe é. Nígbà tí mo kí ìjọ gẹ́gẹ́ bí àlùfáà ti í kí i, kò sí ẹni tí ó dá mi lóhùn. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ Jòhánù tó yé mi. Ọjọ́ Olúwa ni Ẹ̀mí bà lé e, ọjọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Éfésù pé jọ láti bu Àkàrà, tí òkun sì wà láàárín òun àti wọn. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òun kò rí ẹni tí yóò jẹ́ kí ó relé. Abájọ tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí ó rí ayé titun, kò gbàgbé láti sọ fún wa pé kò sí òkun níbẹ̀ mọ́.

Nínú ìjọ wa yìí pẹ̀lú, àwọn kan wà ní Pátímọ́sì. Ìyá arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ dè mọ́ ẹní. Wọ́n ń gbọ́ agogo wa. Ẹnu ọ̀nà ilé wọn ni òkun wọn. Orúkọ mẹ́sàn-án ni ó wà nínú ìwé mi, mo sì mọ̀ pé wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá bá mi ní sákírísítì lẹ́yìn Mísà òní, kí n lè gbé Ara Olúwa lọ fún wọn ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù. Bí ààyè bá sì gbà yín, ẹ bá mi lọ, kí a lè rí ẹni tí yóò ṣe Àmín.