Ìwé Àwìn Bàbá Mi

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ẹni tí ó bá ń lọ sí òde òkú déédéé yóò ti rí òtítọ́ òwe yìí. Kí ó sáà ṣí ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n ń pín fún àlejò. Gbogbo bàbá tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ olóòótọ́. Gbogbo wọn ni ó fẹ́ràn aya, tí ó tọ́jú ọmọ, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni jà rí. Nígbà tí mo ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó ogún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè pé: níbo ni wọ́n ń sin àwọn bàbá yòókù sí?

N kò fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Ní ọdún 1991, èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi jókòó, a kọ irú rẹ̀ fún bàbá tiwa, omijé sì wà lójú mi bí mo ti ń kọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò ni èyí: irú ìrántí wo gan-an ni ọmọ jẹ bàbá rẹ̀? Ṣé ìyìn ni, àbí òtítọ́, àbí ohun mìíràn tí ó ju méjèèjì lọ? Ìbéèrè yìí kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀, nítorí pé oníṣòwò kékeré ni bàbá mi. Oníṣòwò a sì máa fi ohun kan sílẹ̀ sáyé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi sílẹ̀. Ohun náà ni ìwé ìṣirò.

Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi kò jìnnà sí Agbeni ní Ìbàdàn. Ọdún 1964 ni ó ṣí i. Mílíìkì alágolo, ṣúgà, sàdíìnì, ọṣẹ, ìṣáná, àbẹ́là àti epo òyìnbó ni ó ń tà níbẹ̀. Ibẹ̀ kò fẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́ta bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kẹrin yóò dúró síta. Bàbá mi a máa ra ọjà ní páálí lọ́wọ́ àwọn alájàpá ńlá, a sì máa tú u tà ní ẹyọ ẹyọ, títí ó fi dé orí hóró ṣúgà méjì tí ọmọdé ń rà láti fi mu ẹ̀kọ. Iṣẹ́ oníṣòwò kékeré nìyẹn: ó ń fọ́ ọjà ńlá sí wẹ́wẹ́ kí ọwọ́ mẹ̀kúnnù lè tó o.

Pátákó kan wà lára ògiri, lókè orí rẹ̀, tí a kọ ọ́ sí pé: "Kò sí àwìn lónìí, ẹ padà wá lọ́la." Irú pátákó bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù wa. Abẹ́ pátákó yìí gan-an ni bàbá mi jókòó sí tí ó ń ta àwìn. Ìparí oṣù ni owó ń wọlé fún olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ebi kì í dúró de ìparí oṣù. Ìgbà ìkórè ni owó ń dé ọwọ́ àgbẹ̀, ṣùgbọ́n inú ọ̀gbẹlẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ tajà fún irú àwọn ènìyàn báyìí kò lè sá fún àwìn. Ohun tí ó kù ni pé kí ó mọ ẹni tí yóò tà á fún.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni a rí ìwé náà nínú àpótí rẹ̀. Ìwé ńlá ni, eteetí rẹ̀ ti gbó, òwú sì ni wọ́n fi so ó. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé orúkọ ẹnì kan ṣoṣo kò sí nínú rẹ̀. Ohun tí a rí ni: "Onígèlè aláró, mílíìkì méjì." "Tíṣà onígíláàsì, ṣúgà àti ọṣẹ." "Bàbá oníkẹ̀kẹ́ pupa, epo." Ìyá wa ni ó túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó ní bàbá wa kò fẹ́ kí ọmọdé tàbí àlejò ṣèèṣì ṣí ìwé náà kí ó sì mọ ẹni tí ó jẹ gbèsè. Owó ni wọ́n jẹ ẹ́. Kò rí ìdí tí yóò fi gba ìtìjú wọn mọ́ ọn.

Òru méjì ni a fi ṣírò rẹ̀. Gbogbo ohun tí ó wà níta jẹ́ náírà 3,860. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní kí a gba owó náà. Ó ní ìyá wa mọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà yìí, kò sì níí ṣòro láti dá wọn mọ̀. Ó bi wá pé bí ẹnì kan bá wá sọ́dọ̀ wa tí ó sì fi ẹ̀rí hàn pé bàbá wa jẹ òun ní gbèsè, ṣé a kò níí san án? A ní a ó san án. Ó ní kí ló wá dé tí ẹni tí yóò jogún gbèsè kò fi níí jogún owó ìta?

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbòǹgbò nínú àṣà wa. Láyé àtijọ́, ikú kò ní kí gbèsè parẹ́. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ṣe àlàyé ológò, ẹni tí olówó máa ń bẹ̀ lọ́wẹ̀ kí ó lọ jókòó ti ajigbèsè nílé, kí ó máa yọ gbogbo ará ilé lẹ́nu títí owó yóò fi jáde. Ó ṣàlàyé ètò ìwọ̀fà pẹ̀lú. Ọmọ lè lọ máa sìn lọ́dọ̀ olówó nítorí owó tí òbí rẹ̀ yá. Iṣẹ́ rẹ̀ dípò èlé, owó gan-an sì wà níbẹ̀ láìdín. Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ gbèsè ṣeré. Ẹni tí ó bá ní kí a kàn dárí ji gbogbo ajigbèsè, kí ó má sọ pé àṣà ni òun ń tẹ̀ lé.

Ìyá wa dá a lóhùn. Ó ní: "Ṣé ẹ ti gbàgbé omíyalé?" Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí ó dàgbà nígbà náà tí yóò gbàgbé. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya lẹ́yìn òjò ńlá, ó gbé ènìyàn, ó gbé ilé, ó gbé ọjà. Nígbà tí omi fà, ẹrẹ̀ nìkan ni ó kù nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Ìyá wa ní kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí àwọn alájàpá ńlá fi gbé páálí ọjà fún bàbá wa láìgba kọ́bọ̀, láìtọwọ́ bọ̀wé. Àwọn oníbàárà tí ó jẹ ẹ́ lówó sì wá, àwọn mìíràn pẹ̀lú owó, àwọn mìíràn pẹ̀lú ọkọ́ àti ìgbálẹ̀. "Àwìn ni ó gbé bàbá yín dìde," ni ìyá wa wí. "Òun náà wà nínú ìwé ẹlòmíràn."

Ẹnu wa wọhò. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí kò tíì sọ ohunkóhun láti òwúrọ̀, fa ìwé náà sọ́dọ̀, ó ṣí i sí ọdún 1974, ó sì ní: "Owó ilé-ìwé tèmi nìyí."

Gbogbo wa mọ ohun tí ó ń sọ. Lọ́dún náà, ìjọba kò tíì sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ fún wa. Ọdún 1979 ni ìyẹn dé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ẹ̀gbọ́n mi. Owó kò sí nínú àpótí nítorí pé ó wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, bàbá wa kò sì lè fojú ti olùkọ́ tàbí opó nítorí rẹ̀. Ó ní kí ọmọ òun dúró sílé fún ọdún kan. Ọdún kan náà di méjì, ó sì di iṣẹ́ ìránṣọ. Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bàbá mi kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ṣùgbọ́n ara ọmọ rẹ̀ ni ó ti bọ́ ọ.

Àánú tí a fi ohun ẹlòmíràn ṣe, ṣé àánú ni? Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. N kò lè sọ pé bàbá mi kì í ṣe aláàánú; mo rí ojú àwọn tí ó ṣàánú fún. N kò sì lè sọ pé kò ṣẹ̀. Mo mọ ẹni tí ó ṣẹ̀. Èyí tí ó tún le jù ni pé ṣọ́ọ̀bù tí ìgbẹ́kẹ̀lé gbé dìde ní 1980 ni ó bọ́ èmi títí mo fi jáde ní yunifásítì. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi pàdánù ni mo jẹ.

Ní ti owó náà fúnra rẹ̀, kò tó ohun tí a ń jà lé lórí mọ́. Ní 1985, náírà kan ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Lẹ́yìn tí ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP kalẹ̀ ní 1986, iye rẹ̀ já wálẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ní 1991 nǹkan bí náírà mẹ́wàá ni ènìyàn ń fi wá dọ́là kan. Bí gbogbo ajigbèsè inú ìwé náà bá san owó wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò lè ra ìdajì ọjà tí bàbá mi kó fún wọn. Owó ti kú nínú ìwé náà. Ohun tí ó ṣẹ́kù níbẹ̀ ni ẹni tí bàbá mi gbẹ́kẹ̀ lé, àti ẹni tí ó san owó ìgbẹ́kẹ̀lé náà.

Àwọn baba wa ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rántí ènìyàn tí kò sọ ọ́ di ère. Oríkì ni. Karin Barber, nínú ìwé tí ó kọ ní 1991 lórí oríkì ní Òkukù, jẹ́ kí ó hàn pé oríkì kì í ṣe ìyìn lásán. Àléébù wà níbẹ̀, àbùkù wà níbẹ̀, ìṣe tí kò bójú mu wà níbẹ̀, wọ́n sì ń kì í fún ọmọ onítọ̀hún láìtijú, nítorí pé ohun tí ó mú kí ẹni náà jẹ́ ara rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ìwé ètò ìsìnkú ni ó kọ́ wa láti máa fá àléébù òkú kúrò, títí tí kò fi níí sí ìyàtọ̀ láàárín bàbá kan àti bàbá kejì.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ nìkan kò tó. Ẹni tí ó sọ òtítọ́ nípa bàbá rẹ̀ tán tí ó sì dìde lọ, kí ni ó ṣe fún un? Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, òun kan náà tí ó ní kí a gba owó ìta, ni ó rí ọ̀nà. Ó ní bí gbèsè bàbá bá jẹ́ ti ọmọ, gbèsè kan wà tí a kò kọ sínú ìwé. Ó mú bírò, ó ṣí ojú ewé tí ó gbẹ̀yìn, ó sì kọ ọ́ bí bàbá wa ìbá ti kọ ọ́, láìdárúkọ: "Ọmọ aránṣọ, ilé-ìwé, 1974."

A kò lé ẹnikẹ́ni kiri. Àwọn tí ó fẹsẹ̀ ara wọn wá san owó, ìyá wa gbà á lọ́wọ́ wọn, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. A pín owó ilé-ìwé rẹ̀ láàárín ara wa, a sì ń san án.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí ní irú ìrántí tí ọmọ jẹ bàbá rẹ̀, èmi yóò sọ pé kí ó jọ̀wọ́ àwọn tí ó jẹ bàbá rẹ̀ lówó, kí ó sì wá àwọn tí bàbá rẹ̀ jẹ, kí ó san án fún wọn. A ti kọ ọ́ sínú ìwé ètò ìsìnkú pé bàbá wa kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Irọ́ ni lọ́jọ́ tí a kọ ọ́. Ó di òtítọ́ ní ọdún 2003, lọ́jọ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gba oyè rẹ̀ ní yunifásítì, tí ìyá rẹ̀ sì jókòó láàárín wa nínú aṣọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán.