Àṣírí Wo Ni Ó Yẹ Kí A Bò?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé bíbo àṣírí jẹ́ ìwà rere. Ṣùgbọ́n bí ìyá kan ní Ìkòsì bá fọwọ́ kan kókó líle ní ọmú rẹ̀, tí ó fi hìjáábù bò ó, tí ó ń lọ sí ọjà Mile 12 lójoojúmọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ṣé àṣírí ni ó ń bò ni, tàbí ọ̀tá ni ó ń fi pamọ́?

Ọlọ́hun ti dá àwọn ọmọ-ogun sínú ẹ̀jẹ̀ wa tí ń bá àrùn jà. Ṣùgbọ́n inú ara wa gan-an ni jẹjẹrẹ ti ń hù, nítorí náà ó jọ ọmọ ilé. Ó dà bí olè tí ó wọ aṣọ ọlọ́dẹ wọnú ọjà lóru: àwọn ọlọ́dẹ gidi á kí i, wọn á sì kọjá lọ. Ní 2018, James Allison ará Amẹ́ríkà àti Tasuku Honjo ará Japan gba ẹ̀bùn Nobel, nítorí wọ́n rí ọ̀nà tí àwọn ọmọ-ogun náà kò fi ní dáwọ́ ìjà dúró mọ́. Àwọn onímọ̀ mìíràn ń ṣe ìwádìí lórí àwọn èròjà tín-ín-tìn-ín tí yóò gbé oògùn wọnú kókó, kí wọ́n lè jí àwọn ọmọ-ogun ibẹ̀ dìde. Bí a bá to bí 800 nínú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò ju fọ́nrán irun kan lọ ní fífẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo làálàá yìí wà fún: kí a tú olè náà fó. Ṣùgbọ́n oògùn wo ni yóò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò sọ? Ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ti wà ní Ìdí-Àràbà láti 2019. Òótọ́ ni pé owó ìtọ́jú ń dẹ́rù bani. Síbẹ̀, àrùn tí a tètè rí ni ó rọrùn jù láti tọ́jú.

Àwọn kan á ní sùúrù ni ìyá náà ń ṣe. Rárá o. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun á kọ́kọ́ so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀ ná.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: kí ló dé tí kò lè sọ? Ẹnu wa ni ó ń bẹ̀rù. Bí ó bá sọ ọ́ ní Kétu láàárọ̀, yóò ti dé Mile 12 kí ilẹ̀ tó ṣú. A ó sì máa sọ pé ayé ló ń ṣe é. Nítorí náà, kì í ṣe aláìsàn ni iṣẹ́ bíbo àṣírí já lé léjìká. Àwa tí a sọ fún ni. Kí ó sọ, kí àwa bò ó, kí a sì bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà.