Ẹ̀sọ̀ Ni Ọ̀dà Ọkọ̀ Ń Fẹ́

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí ní Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo fi rólà kun ọkọ̀ mi lẹ́yìnkùlé ló tó yé mi. Mo fẹ́ kó parí kí oòrùn tó wọ̀. Mo ri rólà sínú ọ̀dà dáadáa, mo kùn ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ki bí ẹ̀kọ gbígbóná. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀dà ti ṣàn lára ilẹ̀kùn bí omijé, ó sì dì síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ha á kúrò.

Rólà kọ́ ló jẹ̀bi. Kí ẹ̀rọ tó ń fín ọ̀dà tó gbòde, búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń kun ọkọ̀ l'Amẹ́ríkà, iṣẹ́ náà sì ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nítorí ọ̀dà ìgbà náà kì í tètè gbẹ. Ọdún 1923 ni ilé iṣẹ́ DuPont gbé ọ̀dà Duco jáde, èyí tó ń gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀. Bọ́lẹ̀kájà táwọn bàbá wa ń wọ̀, búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kun pákó ara rẹ̀.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ni kí a fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ibi tí irin bá ti dógùn-ún, ẹ fi sánpépà ha á títí irin funfun á fi yọ, kí ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń dènà ìpáàrà bò ó. Ẹni tó bá kun ọ̀dà lé ìpáàrà lórí, abẹ́ ọ̀dà náà ni yóò ti máa jẹ irin lọ.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ọ̀dà olóròóró ni kí ẹ rà, kì í ṣe ọ̀dà olómi tí wọ́n fi ń kun ògiri. Ẹ fi tápẹ́ńtáìnì là á títí yóò fi máa ṣàn bí mílíìkì inú agolo. Rólà kékeré onífóòmù ni kí ẹ lò. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ ó ṣì máa rí ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì padà sórí rẹ̀. Ó di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá ti kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi omi àti sánpépà 800 ha á fẹ́ẹ́rẹ́ kó lè jọ̀lọ̀, kí ẹ tó tún kùn. Ìgbà mẹ́fà kò pọ̀ jù.

Àwọn aláró ìlú wa ti mọ èyí kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ wa. Òwú tí wọ́n fi ń hun aṣọ ẹtù kì í wọ ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan kó dúdú. Wọ́n á rì í, wọ́n á yọ ọ́. Bó ṣe ń jáde ló ń jọ ewé, atẹ́gùn á kàn án, á di aró. Wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í. Àrìtúnrì ló ń sọ ọ́ di ẹtù. Ta ló wá ní ọmọ Ìsẹ́yìn kò ní sùúrù ọ̀dà?

Ẹ má kun ọkọ̀ lásìkò ọyẹ́, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wọ ìbòmú, kí ẹ ṣe é níbi tí atẹ́gùn wà lábẹ́ òrùlé. Ọkọ̀ tuntun, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń fín ọ̀dà. Ti ògbólógbòó tó ń kó iṣu láti oko ni rólà. Bí àwọ̀ bá yàtọ̀, ẹ lọ tún ìwé ọkọ̀ ṣe, nítorí àwọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kánjú, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí èyí tí ẹ kùn lánàá gbẹ kí ẹ tó mú rólà lónìí.