Ìbọn Ní Apátí, Kò Ní Apátí

"Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ ká kọ ọ́ sí òun?" Ẹni tí wọ́n kọ ìbọn sí ni òwe yìí ń bá wí, ṣùgbọ́n ọdẹ Ìlaròó àti Ayétòrò tó gbé ìbọn sórí itan láti pààrọ̀ apátí rẹ̀ nílé ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ jù. Òun ló mọ̀ pé apátí ti bàjẹ́, òun náà ni ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀ jù.

Apátí kéré, àmọ́ òun ló di irin tó ń mú ẹ̀tù gbiná mú. Bí ojú rẹ̀ bá ti jẹ, ìbọn lè dún bí ọdẹ bá kọsẹ̀ lásán. Nínú ìbọn ìgbàlódé tí à ń fà lẹ́yìn kí ọta tó wọlé, apátí lè yọ̀ bí a ṣe ń tì í padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fáìlì ha á ní yàrá; ẹ gbé e fún ẹni tó mọṣẹ́, kí ìwé-àṣẹ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín.

Òfin ìbọn Nàìjíríà ọdún 1959 ya ṣakabùlà, ìbọn tí à ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu, sọ́tọ̀, síbẹ̀ àtòun àtìbọn ìgbàlódé ló gba ìwé-àṣẹ. Alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ ki ọ̀pá bọ ẹnu ṣakabùlà, kó mọ̀ bóyá ẹ̀tù ṣì wà nísàlẹ̀, kó tó fọwọ́ kan apátí.