Ta Ni Ó Jẹ̀bi Omíyalé?

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Òwe yìí pín iṣẹ́ sí ọ̀nà méjì: rírọ̀ ni ti òjò, ìṣọ́ra ni ti ènìyàn. Síbẹ̀, bí omi bá ti gbé ọmọ lọ, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ni pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ṣé ìtẹríba ni gbólóhùn yìí ni, àbí ọ̀nà àtisá fún ẹ̀bi?

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò tí ó tó mìlímítà 274 rọ̀ sí Ìbàdàn láàárín wákàtí díẹ̀. Odò Ògùnpa kún bo bèbè, ó wó ilé, ó gbé afárá, ẹ̀mí tí ó sì bá a lọ lé ní 200. Kì í ṣe pé kò kìlọ̀. Ó ti ya ilé ní 1960, 1963 àti 1978. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé mìíràn tún gba ẹ̀mí tí ó lé ní 100 nílùú kan náà.

Ohun tí ń fà á kò farasin. Ilẹ̀ tí koríko wà lórí rẹ̀ a máa mu omi. Èyí tí a fi òrùlé àti kọnkéré bò kì í mu ún. Pàǹtí a máa dí abẹ́ afárá, ilé tí a kọ́ sí bèbè a sì máa fún ọ̀nà mọ́ odò. Láti apá Aṣí àti Bódìjà ni Ògùnpa ti ń ṣàn bọ̀, kí ó tó la àárín ìlú kọjá dé Òkè-Àdó àti Mọlété. Ẹni tí ó bá dalẹ̀, wọ́n ní yóò bá ilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó da ilẹ̀ sódò lókè kọ́ ni ó ń bá omi lọ; ẹni tí ń gbé ìsàlẹ̀ odò, tí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n rí, ni. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ òjò ti di ọ̀rọ̀ ìwà.

Irú àríyànjiyàn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mì tí ó sì run Lisbon ní 1755, Rousseau kọ̀wé sí Voltaire pé ìṣẹ̀dá kọ́ ni ó kó 20,000 ilé alájà mẹ́fà-méje jọ sójú kan.

Àmọ́ kò yẹ kí a dá gbogbo ẹ̀bi fún ẹni tí ó kọ́lé sí bèbè. Ọ̀pọ̀ wọn ni owó wọn kò ká ilẹ̀ ibòmíràn. Ẹni tí ó ta ilẹ̀ náà fún wọn ńkọ́? Ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé ilé ńkọ́? Aládùúgbò tí ó rí i tí ó dákẹ́ ńkọ́? Ẹ̀bi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ pín kì í tipa bẹ́ẹ̀ di òfo. Kálukú ní ìpín tirẹ̀ láti rù.

Wọ́n ti gbẹ́ ojú Ògùnpa, wọ́n sì ti fi kọnkéré tẹ́ ẹ. Kọnkéré lè tọ́ omi sọ́nà. Kò lè tọ́ ènìyàn. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni òjò, òtítọ́ ni ó sọ. Ọwọ́ tí ó dí ojú odò, ọwọ́ ènìyàn ni.