Ìrudi Rere Tí Ológbà Já



Ìyìn ni fún Ẹlẹ́dàá, ẹni tí ó fi òdòdó ṣe ilẹ̀ ayé lọ́ṣọ̀ọ́. Nínú àwọn òdòdó tí ènìyàn ń gbìn yí ilé rẹ̀ ká, ọ̀kan wà tí a ń pè ní dahlia. Orí òkè tútù ilẹ̀ Mẹ́síkò ni ó ti ṣẹ̀ wá. A gbé e lọ sí ọgbà ewéko ọba ní Madrid, níbi tí Cavanilles ti fún un ní orúkọ ní ọdún 1791, ní ìrántí Anders Dahl, ará Sweden. Ó ń ta iṣu lábẹ́ ilẹ̀ bí ànàmọ́. Òdòdó kan ṣoṣo nínú irú rẹ̀ tí ó tóbi jùlọ a sì máa fẹ̀ ju ínṣì 10 lọ.

Báwo ni ológbà ṣe ń rí òdòdó ńlá bẹ́ẹ̀? Ní orí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ìrudi mẹ́ta a máa yọ pọ̀: ọ̀kan ní àárín, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Ológbà a fi ọwọ́ já méjì ti ẹ̀gbẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì kéré bí ẹ̀wà, kí oúnjẹ ẹ̀ka náà lè jẹ́ ti ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ kíyèsí i: àwọn tí ó já kò ní àrùn, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò kò jẹ wọ́n. Bí ó bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn ni yóò tanná, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí yóò tóbi.

Bí dahlia kò tilẹ̀ fẹ́ràn ooru Ofosu wa, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Ìdànrè. Àgbẹ̀ kòkó ń gé èéhù tí ń jẹ oúnjẹ igi láìso èso. Èyí kò nira fún un. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Ohun rere ni. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdí ìyá wọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni yóò kó lọ sí ọjà.

Olúwa wa kọ́ni nínú Ìhìn Rere Jòhánù, orí 15, pé ẹ̀ka tí ń so èso pàápàá ni Baba ń wẹ̀ mọ́. A kò wí pé gbogbo òfò tí ó bá ọmọ ènìyàn ni ọ̀bẹ Ọlọ́run. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí dá ọgbẹ́ ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀. Ohun tí àwa tìkára wa gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ ni a ń sọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ni a sábà ń ronú láti gé; ta ni ń ronú àti gé ohun rere?

Bàbá kan wà nínú ẹgbẹ́ márùn-ún. Ó ń san owó gbogbo wọn, ó ń ra aṣọ gbogbo wọn, kò sì pa ìpàdé kan jẹ. Rere ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní alẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ti sùn kí ó tó wọlé. Wọn kò mọ ohùn bàbá wọn nínú àdúrà. Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó lé eku méjì yóò pòfo. Mélòó mélòó ni ẹni tí ń lé márùn-ún?

Nítorí náà, ará, kí oṣù yìí tó parí, kí olúkúlùkù wa yẹ ẹ̀ka ara rẹ̀ wò, kí ó sì já ìrudi rere kan nítorí èyí tí ó dára jùlọ. Kí a má sì ṣe pẹ́: ìrudi tí a jẹ́ kí ó dàgbà ti jẹ oúnjẹ ẹ̀ka tán kí a tó já a, ọmọ kì í sì í dúró de bàbá rẹ̀ kí ó tó dàgbà.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ọkàn tí ó mọ ìyàn. Àmín.