Ta Ni Ó Ni Oòrùn Àná?

Oòrùn kì í yan ẹnìkan láàyò. Bí ó ti ń ràn sórí ààfin ọba ní Kétu, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ràn sórí àtíbàbà ìyá alákàrà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kó agbára rẹ̀ pamọ́ sínú bátìrì, ó di ohun tí ó ní olóhun, tí a lè fi kọ́kọ́rọ́ tì.

Àwa ọmọ àgbẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ àká. Ẹni tí ó ra àgbàdo nígbà ìkórè, tí ó tà á nígbà ọ̀wọ́n, a máa ń bú u. A sì ń ra ọjà rẹ̀, nítorí bí kò bá sí irú rẹ̀, kí ni à bá jẹ?

Iṣẹ́ kan náà ni bátìrì ńlá ń ṣe. Ní Hornsdale, ní Gúúsù Ọsirélíà, ilé-iṣẹ́ Neoen ti ilẹ̀ Faransé ṣí ọ̀kan ní ọdún 2017, lẹ́yìn tí ìjì ti sọ gbogbo ìpínlẹ̀ náà sínú òkùnkùn ní 2016. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn abẹ̀bẹ̀ ńlá tí ẹ̀fúùfù ń yí. Nígbà tí iná bá pọ̀ tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀, a gbà á. Nígbà tí gbogbo ilé bá ń wá iná, a tà á. Kì í ṣe títóbi rẹ̀ ni ó wú wa lórí. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ti pín in: nínú mẹ́gáwáàtì 100, 70 wà fún ààbò gbogbo ìlú, kí iná má baà kú lójijì, 30 ni Neoen lè fi ṣòwò. Àdéhùn ni, kì í ṣe àánú: ìjọba ń sanwó fún ìpín tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Ní Illoulofin, ní agbègbè Pobè, wọ́n ṣí ibùdó iná oòrùn mẹ́gáwáàtì 25 ní ọdún 2022. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ṣí ìwé. Bó pẹ́ bó yá, a ó nílò àká. Lójú tiwa, ẹni tí ó kó iná pamọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí èrè, torí bátìrì ń gbó, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ṣùgbọ́n bí iná tí ó kù kò bá tó, kò yẹ kí ó jẹ́ owó nìkan ni yóò sọ ilé tí yóò kọ́kọ́ ṣókùnkùn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára inú fìríìjì kò lè ná ọjà.

A gbé ìbéèrè náà síwájú kíláàsì wa: iná ta ni kí a kọ́kọ́ pa? Wọ́n ní kí a pa ti gbogbo oníṣòwò. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní: «Ọ̀gá, ẹja yìnyín tí ìyá mi ń tà ńkọ́? Bí ó bá bàjẹ́, gbèsè ló kù fún wa.» A nu pátákó, a tún un kọ: ilé ìwòsàn, omi, ẹja. Ibẹ̀ ni aago lù.